Ojú-Ewé Ìkẹyìn Àjàgbé

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ẹni tó bá sì lọ sóko tí kò tíì bọ̀, àwọn àgbà ní a kì í fi ẹní rẹ̀ tọrẹ.

Agogo àkọ́kọ́ ti Ìbòji, àkókò tí òfin ní kí gbogbo ènìyàn wọlé sá fún oòrùn ọ̀sán, ti dún kí àpótí orí okùn tó ń gbé èrò tó já Adélànà Olúgbọ́dé sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Ìgbẹ́tì. Láàárín agogo àkọ́kọ́ àti èkejì, àyè tó wà kò ju kí ènìyàn bó ọsàn kan kó sì mu ún tán. Ẹni tí agogo kejì bá bá níta, àwọn ẹ̀ṣọ́ a gbé e wọ inú ihò àpáta, wọ́n a máa da omi tútù lé e lórí títí oòrùn á fi rọ̀, wọ́n a sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ìlú pé ẹni yìí kò ní olùtọ́jú. Adélànà ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kò fẹ́ kí orúkọ òun hàn lára ògiri. Ó gbá báàgì awọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń gun àtẹ̀gùn òkúta náà bí ẹni tí ajá ń lé, tí kò sì fẹ́ kí ajá mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú báàgì náà, yàtọ̀ sí ìgò tàdáwà àti kálàmù rẹ̀. Àwòrán méjì, tí ó fi páálí há ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láàárín. Ẹ̀kẹta ni àpótí dúdú kékeré kan tí kò tóbi ju àwo obì lọ, èyí tí Ilé Ojú, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ lílo ojú ènìyàn, fi lé e lọ́wọ́. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é.

“Ta ni?” ni ilẹ̀kùn béèrè.

“Èmi ni. Adélànà, ayàwòrán.”

“Ẹ ò tíì kí ilé.”

Adélànà mí kanlẹ̀. “Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìgbà oòrùn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?”

“A dúpẹ́,” ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí.

Ìbídùn ló kọ́ ilẹ̀kùn náà níwà. Títún tánkì omi àti ẹ̀rọ inú ilé ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í jáde pẹ̀lú ẹnu mímú. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Mo ti ń rò ó pé oòrùn á ti sun yín bí iṣu kí ẹ tó dé.”

“Iṣu tó gbó kì í tètè jiná.”

“Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kì í pẹ́ jóná.”

Ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, wà lábẹ́ fáànù lórí àga kúkúrú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni màmá náà ti lò láyé. Ojú rẹ̀ mọ ìmọ́lẹ̀, ó mọ òjìji, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Adélànà dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Dìde, Adélànà,” ni màmá wí. “Mo ń gbọ́ bí orúnkún rẹ ṣe ń rojọ́.”

Ibi tó ti ń dìde ni agogo kejì ti dún. Ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ gbọin. “Ó di aago mẹ́rin kí n tó tún ṣí,” ni ilẹ̀kùn wí. “Ẹni tó wà nínú ilé, ilé ló ni ín.”

Adélànà jókòó sórí àga tó wà nítòsí ògiri. Ẹní kan tí wọ́n ká, tí wọ́n sì fi okùn dì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sún ìgbọ̀nwọ́ kúrò lára rẹ̀, ó gbé àpótí dúdú náà ka orí tábìlì, ó fi ìka kàn án.

“Ẹlẹ́rìí ń gbọ́,” ni àpótí wí. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ọkùnrin, kò jọ ti obìnrin. “Ojú ta ni a fẹ́ sọ?”

“Ojú Oyèníran, ọmọ Àwẹ̀ró,” ni Adélànà dáhùn. “Òun ni mo yá tí mo fi ń ya Àjàgbé, akọni inú ìwé aláwòrán mi.”

“Ṣé olójú wà láàyè?”

Ìbídùn wo ìyá rẹ̀. Fáànù ń yí.

“Ó lọ ṣiṣẹ́ ní odi òkun,” ni màmá sọ. “Kò bọ̀. Ó di ọdún mẹ́rìndínlógójì.”

“Ojú òkú,” ni àpótí wí, “kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Orí tuntun tí wọ́n fi kún Òfin Ojú ló sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan péré ló kù fún ojú yìí. Bí ìyá bá fi àtàǹpàkò gba ojú-ewé ìkẹyìn kí Ìbòji tó parí lónìí, gbogbo èyí tí ojú náà ti ṣe á dúró. Bí kò bá gbà á, a ó fọ gbogbo rẹ̀ nù.”

“Gbogbo rẹ̀ kẹ̀?” ni Ìbídùn béèrè.

“Gbogbo rẹ̀. Lára gíláàsì ẹ̀rọ ìwòran, lára ògiri, nínú ìwé.”

“Àwọn olè ojú ni wọ́n dẹ pańpẹ́ sílẹ̀ fún,” ni Ìbídùn wí, “ayàwòrán ni pańpẹ́ mú.”

Kò purọ́. Ìgbà kan wà tí àwọn olè ń fi ẹ̀rọ jí àwòrán ojú ènìyàn, tí ojú ń rìn káàkiri láìsí olójú. Ìyá á rí ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún lórí gíláàsì pé kí wọ́n gba òun, ọmọ náà yóò sì wà nínú yàrá kejì tó ń sùn. Ọba tó wà lórí ibùsùn àìsàn kéde ogun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọlọ́run má fi wá ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin náà, ìdí nìyẹn náà tí àwọn tó ṣe Ẹlẹ́rìí fi fún un ní etí tí wọn kò fún un ní ojú. Ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, àtàǹpàkò ló ń gbà. Kò lè wo àwòrán tó wà níwájú rẹ̀.

Adélànà ti mọ ìyẹn kí ó tó gun òkè. Òun ló sì gbé lọ́kàn gun òkè.

Orí ènìyàn ló kọ́kọ́ ń yà sára pátákó onígbàjámọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe ìwé aláwòrán nípa àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré gun òkè. Ẹ̀dà mẹ́jọ ló jáde, àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló kà á. Ó ṣe òmíràn nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń figagbága nínú odò. Ọdún náà gan-an ni òkun gbé àwọn ìlú etíkun mì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rí omi nínú ìwé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó rí Oyèníran ní gbàgede ìjàkadì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún méjìlélógún náà dá ọkùnrin mẹ́ta lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó ti ìkẹta wọn, ó ń bá a gbọn iyanrìn kúrò létí. Iyanrìn etí yẹn ni Adélànà rí tó fi lọ bá a pé kó yá òun ní ojú rẹ̀ fún ìwé tuntun.

“Ẹ gba ojú náà, ẹ̀gbọ́n,” ni Oyèníran wí fún un. “Ó ti ń wúwo lọ́rùn mi tipẹ́.” Ó wá gbé ìka kan sókè. “Ohun kan péré. Ẹ má ya àwòrán ibi tí ẹ̀yìn mi ti kanlẹ̀ láéláé.”

Wọ́n bọ ọwọ́ lé e lórí. Adélànà fi oríkì tí ìyá Oyèníran ń pè é ṣe orúkọ akọni rẹ̀, ó di Àjàgbé. Láti ìgbà náà, ojú-ewé mẹ́jọ lọ́sẹ̀, ọdún méjìdínlógójì. Àjàgbé jà lórí ọkọ̀ oníyọ̀. Ó bá àwọn ìbejì aginjù jà nínú ìjì. Ó bá ọkùnrin onírin tí kì í mí jà, ó sì fi mímí borí rẹ̀. Nígbà tí òfin Ìbòji ti gbogbo gbàgede pa, àwọn ọmọ tí wọn kò fi ẹsẹ̀ kan iyanrìn rí ń mọ àwọ̀ iyanrìn láti ara ìwé Adélànà. Àwo pẹrẹsẹ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó bu iyanrìn gbàgede àtijọ́ sí. Ó rán ọmọlangidi alákìísà kan, a máa jù ú sínú àwo náà kí ó lè rí bí ara ṣe ń ṣubú. Bí ọmọlangidi bá fi ẹ̀yìn balẹ̀, a yára gbé e. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọmọ alákìísà yìí nìkan ni ọmọ tí ọkọ òun mọ̀ ọ́n gbé.

Ó ti jẹ́ kí Àjàgbé máa dàgbà bí olójú ì bá ṣe máa dàgbà. Ewú ti wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Bí a bá kà á, ó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Nínú ìjà ìkẹyìn, Akọ-Òkúta, ọmọ ogún ọdún, ló kò lójú. Lójú Adélànà, ẹni ọgọ́ta kì í dá ẹni ogún, ìwé tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ọmọdé. Síbẹ̀ àwòrán méjì ló gbé wá.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Ìbídùn wí, “ẹ sọ kan péré fún mi kí n tó wọ ilé ìdáná. Ṣé ó dá a?”

“Màmá ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.”

“Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ orí òkè yìí ti ń bi mí. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi, màá kọ́ ilẹ̀kùn yìí kó máa bú yín.”

“Mo ti lè bú wọn,” ni ilẹ̀kùn wí.

“Dákẹ́ ná.” Ó wọ ilé ìdáná lọ. Kò pẹ́ tí ìró àwo bẹ̀rẹ̀.

Adélànà ṣí páálí kìíní díẹ̀. Nínú ìyẹn, Àjàgbé borí, àwọn ènìyàn gbé e sọ́rùn. Ó pa á dé. Ó ṣí ìkejì, ó yọ àwòrán inú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú màmá. Nínú ìyẹn, Akọ-Òkúta ti gbé Àjàgbé sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí ni Adélànà fẹ́ kí ayé rí.

Ó wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìbídùn kò sí níbẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ fún yín,” ni ó wí. “Akọ-Òkúta sáré wọlé. Àjàgbé yẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ òsì mú un níbàdí, ó fi ẹsẹ̀ há a, ó gbé e, ó sì dá a. Eruku sọ. Àwọn ènìyàn dìde.”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Wọ́n gbé e sọ́rùn, Màmá. Wọ́n ń gbé e jó yí gbàgede ká.”

Màmá Àwẹ̀ró na ọwọ́. Ọwọ́ náà rìn lórí tábìlì títí ó fi kan etí ìwé. Adélànà wo àtàǹpàkò náà bó ṣe ń wá. Màmá kò gbé e lé ìwé.

“Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”

“Kò sí nínú rẹ̀, Màmá. Ibẹ̀ ló parí sí.”

“Ọrùn ọlọ́rùn ló parí sí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Níbo ló wá sùn?”

Nínú gbogbo ìbéèrè tí Adélànà ti múra sílẹ̀ fún nínú àpótí orí okùn, kò sí èyí níbẹ̀.

“N kò yàwòrán ibi tó sùn,” ni ó sọ.

“Mo mọ̀. O kò yà á rí.” Ohùn màmá kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. “Nígbà tí ojú mi ṣì dá, mo máa ń wá ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ń ka ìjà, èmi ń wá ibi tó sùn. Lórí ọkọ̀ oníyọ̀, ó fara ti òpó. Ní aginjù, ó jókòó gbé orí lé orúnkún. Lọ́dún tí ibà mú un, ìdúró ló wà tí ibà fi lọ. Nígbà tí mi ò ríran mọ́, mo ní kí Ìbídùn máa bá mi wò ó. Ó ní kò sí. Ọdún méjìdínlógójì, Adélànà.”

“Ilé Ojú jẹ́rìí sí i,” ni àpótí dúdú wí. “Nínú gbogbo ojú-ewé tó wà nípamọ́, kò sí ibi tí ojú yìí ti dùbúlẹ̀.”

“Ta ló bi ọ́?” ni Ìbídùn ké láti ilé ìdáná.

“Òun ló ní kí n má yà á, Màmá,” ni Adélànà wí. “Oyèníran. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀yìn òun kanlẹ̀ láéláé. A bọ ọwọ́ lé e lórí.”

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ní imú. “Ó ní kí ẹ̀yìn òun má kanlẹ̀. Èmi tí mo bí i, ẹ̀yìn ni mo fi tẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ.”

Adélànà wo ìwé tó wà níwájú màmá. Ó wo àtàǹpàkò tó sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, bóyá màmá á tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ọdún méjìdínlógójì á dúró, òtítọ́ rẹ̀ á sì jáde lọ́la. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ fa ìwé náà kúrò.

“Màmá, èyí tó wà níwájú yín kọ́ ni mo sọ fún yín.”

“Mo ti fura. Nígbà tí o bá ń sọ òtítọ́, o máa ń kólòlò. Èyí tí o sọ yẹn dán jù. Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Akọ-Òkúta ló gbé e. Ó ń sọ ọ́ kalẹ̀.”

“Ó kanlẹ̀?”

“Ó ku ìwọ̀n ìka kan kó kanlẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tún un yà, ìka kan yẹn ò tán.”

Ìbídùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ẹ̀kọ àti ọ̀jọ̀jọ̀ lọ́wọ́. Kò gbé e kalẹ̀. “Ẹ fẹ́ gba àtàǹpàkò afọ́jú sórí ohun tí kò rí,” ni ó wí. “Ẹ̀gbọ́n Adélànà. Ẹ̀yin.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ilẹ̀kùn, o gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni ilẹ̀kùn wí. “Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?”

“Ìbídùn, gbé oúnjẹ kalẹ̀,” ni màmá wí. “Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èébú kò ní fi nǹkan kan kún un mọ́.”

Ìbídùn gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Adélànà.

Màmá Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tó wà nínú àpò rẹ̀:

“Àjàgbé, ọmọ a-gbá-ni-mọ́ra-kó-tó-dá-ni.
Ọmọ iyanrìn ò jẹ́ a mọ ẹni tó ṣubú rí.
Ó jà tán, ó bá ẹni tó dá gbọn etí.
Àjàgbé, oko ìjà kì í ṣe ilé,
ẹni tó jà ní òwúrọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìrọ̀lẹ́.”

Ó gbé ọwọ́ lé Ìbídùn lórí.

“Nígbà tí odi òkun ya, tí omi gbé àwọn ọmọ wa lọ,” ni màmá tún wí, “ṣọ́bìrì mẹ́jọ ni wọ́n gbé wá bá wa, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ká gbẹ́lẹ̀ ká sin ín dípò ọmọ. Àwọn yòókù sin tiwọn. Èmi fi tèmi fún Ìbídùn, ó fi ń kó iyẹ̀pẹ̀ nídìí tánkì. Mi ò bímọ onírin. Mo rò pé bí mi ò bá tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀, á jẹ́ pé ó ṣì ń bọ̀. Ìwọ náà wá ń bá mi yà á lóòró. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn dé, ó wà lóòró. O jẹ́ kí n rí ewú rẹ̀, mo dúpẹ́. Ìyá mélòó ni wọ́n fi ewú ọmọ tó ti lọ hàn? Ṣùgbọ́n ó ti rẹ ọmọ náà, Adélànà. Kì í ṣe pé wọ́n dá a. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.”

Adélànà kò gbé ojú sókè. “Ẹ̀jẹ́ tí mo bá a jẹ́ ńkọ́, Màmá?”

“Ẹ̀jẹ́ oníjàkadì, orí iyanrìn ló ti ń mú ènìyàn. Kò wọ inú ilé.”

Aago ara ògiri ti kọjá mẹ́ta díẹ̀. Oòrùn tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ti ń fà sẹ́yìn. “Ẹlẹ́rìí ń retí,” ni àpótí wí. Ìbídùn dìde. Ó na ọwọ́, ó fa páálí kìíní láti inú báàgì Adélànà, ó yọ àwòrán tí Àjàgbé ti borí. Ó wò ó pẹ́. Ó yí i padà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó funfun kọjú sókè, ó wá ṣí ìgò tàdáwà fún un.

“Òru ni àbí ọ̀sán ni kí n fi í sí, Màmá?” ni Adélànà béèrè.

“Ọ̀sán. Ìbòji ni gbogbo wa ń sùn. Ìyẹn ni màá fi àtàǹpàkò gbà.”

“Orí kí ni?”

Màmá Àwẹ̀ró nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láìṣìnà, síbi tí ẹní tí wọ́n ká dúró sí.

“Ẹní rẹ̀ nìyẹn. Bá mi tú okùn rẹ̀, kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí o wò ó dáadáa, kí o sì ya ọmọ mi sórí rẹ̀ kó sùn.”